Iyọ̀ Tí Kò Ju ti Omijé Lọ

Gbólóhùn kan wà tí mo kà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó gbámúṣé jù lọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tíì kọ. Àwọn ìwé ìlera tí wọ́n ṣe fún ará ìgbèríko ló gbé e káàkiri, ohun tó sì sọ kò ju èyí lọ: bí ẹ bá ti po omi, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún un, iyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti omijé lọ.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ìhà méjì ni ewu omi náà ti lè wá. Bí iyọ̀ bá kéré jù, omi náà kò ní lágbára tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ ní jàǹbá, ó tilẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀rọ wà nínú yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ilé ìdáná. Òǹkọ̀wé náà wá mú irinṣẹ́ kan tí kò sí ẹni tí kò ní in. Ta ni omijé kò ṣàn dé ẹnu rẹ̀ rí? Iyọ̀ inú omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti inú ẹ̀jẹ̀ dọ́gba, ó sì ju èyí tó yẹ kó wà nínú omi tí a pò lọ. Ìyá tí kò bá ré ààlà yẹn kọjá kò tíì dé ibi ewu. Kẹ́mísírì wà nínú gbólóhùn yẹn, ìmọ̀ nípa ìfun àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tó yọ orí síta nínú wọn.

Ọ̀kan lára àwọn ìwé tó mú irú ìtọ́ni yìí dé ilé àwọn mẹ̀kúnnù ni èyí tí David Werner kọ́kọ́ kọ ní èdè Spanish fún àwọn ará abúlé orí òkè ní Mexico, tó sì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1977 pẹ̀lú àkọlé Where There Is No Doctor. Werner kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ni, ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ló sì kà. Mo máa ń rò ó pé bóyá ìyẹn gan-an ló ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá tíì pẹ́ láàárín àwọn dókítà ṣì máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń rí létí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Láàárín àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìbáà ṣe ẹnjiníà, apoògùn, dókítà tàbí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èrò kan ti ta gbòǹgbò: pé ìwé kíkọ jẹ́ ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ gidi bá ti parí. Wọ́n á kọ́ ẹ̀rọ tán, wọ́n á wá máa wá ẹni tí yóò bá wọn kọ nǹkan díẹ̀ sí i. Ìtàn omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí tako èrò náà pátápátá, torí pé nínú rẹ̀, ìwé náà gan-an ni oògùn. Iyọ̀ wà nílé, ṣúgà wà nílé, omi wà nílé. Ìtọ́ni nìkan ni kò sí nílé.

Ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ní August 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ṣúgà àti sodium ṣe jọ ń gba ọ̀nà kan náà kúrò nínú ìfun wọ inú ara. Sodium wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ. Ibi tó bá sì lọ, omi á tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí kì í dí, kódà nígbà tí onígbáméjì bá ń gbọn omi ara aláìsàn jáde. Ní 1968, ní Dhaka, David Nalin, Richard Cash àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn lára àwọn tí onígbáméjì ń bá jà pé omi tí èèyàn fi ẹnu mu lè dín dírípù tó nílò kù gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní 1971, àwọn tó ń sá fún ogun Bangladesh ya wọ India, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ wọn. Ní Bongaon, dókítà ọmọdé kan, Dilip Mahalanabis, rí i pé dírípù ò lè káárí. Ó ní kí wọ́n po gíráàmù 22 glúkósì, gíráàmù 3.5 iyọ̀ àti gíráàmù 2.5 sódà tí wọ́n ń fi sí kéèkì sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn sì máa fún wọn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kú kò tó 4 mọ́. Nígbà tó di 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ yìí jẹ́ ìtẹ̀síwájú tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣègùn ní ọ̀rúndún náà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ o: gíráàmù. Nínú àgọ́ tí dókítà wà, gíráàmù kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló ní òṣùwọ̀n gíráàmù nínú ilé ìdáná ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Kétu? Ta ló ní lítà? Ibi tí àwọn onímọ̀ rò pé iṣẹ́ parí sí ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀ gbé e gbà.

Ní Bangladesh, ẹgbẹ́ BRAC tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀ kò béèrè ṣíbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bá lè mú dé oríkèé kìíní, ẹ̀kúnwọ́ kan ṣúgà pupa tí wọ́n ń sè láti inú ìrèké, àti ààbọ̀ seer omi, òṣùwọ̀n ìbílẹ̀ wọn tó dín díẹ̀ ní ààbọ̀ lítà. Láti 1980 títí di 1990, àwọn obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì kọ́ ìdílé tó lé ní mílíọ̀nù 12. Kókó mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìyá mọ̀ sórí. Nígbà tó yá wọ́n gé e kù sí méje. Ẹni tó bá ti kọ ìtọ́ni rí mọ̀ pé ìgékù yẹn ló máa ń nira jù. Kò sí èyí tí kò ṣe pàtàkì nínú mẹ́wàá yẹn lójú ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n orí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí oúnjẹ wà lórí iná, tí àwọn yòókù ń ké lẹ́yìn rẹ̀, níye ohun tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó tún wú mi lórí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sanwó. Wọn kì í sanwó fún obìnrin tó ń kọ́ni nítorí pé ó wọ ilé báyìí báyìí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn á lọ bá àwọn ìyá kan tí wọ́n kàn ṣà lára àwọn tó ti kọ́, á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rántí, á ní kí wọ́n po omi náà lójú òun. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí ìyá ni wọ́n fi ń ṣírò owó olùkọ́. Ká ní irú ìṣírò yìí ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn tó ń kọ ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí oògùn, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, ebi ìbá ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ The Gambia ló ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ní 1982, wọ́n kéde ìtọ́ni wọn fún gbogbo ìlú: omi ìgò Julpearl mẹ́ta, ṣúgà ìdérí ìgò mẹ́jọ, iyọ̀ ìdérí kan. Julpearl ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Ìgò rẹ̀ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìdérí yẹn. Ṣíbí yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ife yàtọ̀, ìka ọwọ́ tilẹ̀ yàtọ̀: ìka obìnrin tó sanra kò lè mú iye kan náà pẹ̀lú ti ọmọge tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló ń gé gbogbo ìdérí onírin, nítorí pé bó bá fi díẹ̀ tóbi tàbí kéré jù, kò ní bá ẹnu ìgò mu, gáàsì á sì jáde. Iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ti ná owó rẹpẹtẹ láti rí i dájú pé ìdérí tó wà ní Banjul kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní abúlé tó jìnnà jù. Onímọ̀ ìlera kàn tẹ̀ mọ́ ọn ni, ó yá a lò lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ìgò àti ìdérí jọ ń rìn ni: ẹni tó bá ti rí ọ̀kan kò ní pẹ́ rí èkejì. Ìdérí náà sì jìn díẹ̀ báyìí péré, débi pé ẹni tó bá bu ṣúgà kún un, tó sì fi ìka nu orí rẹ̀, ti ní ojú tó tẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ohun tí ojú tó tẹ́ túmọ̀ sí. Mẹ́ta, mẹ́jọ, ẹyọ kan. Ọmọ tí ìyá rán níṣẹ́ lè sọ ọ́ lẹ́nu títí dé ilé.

Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá náà kò lè kàwé. Wọ́n tẹ ìwé pélébé aláwọ̀ fún wọn, àwòrán ìgò àti ìdérí ló sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá ìwé náà sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Rédíò ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe kà á: ẹ wo ibi tí àwọ̀ rẹ̀ rí báyìí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ẹ wá wo èyí tó kàn. Bí àrokò ló rí. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á kò bá ti jọ ní àdéhùn tẹ́lẹ̀, owó ẹyọ lásán ló wà lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Wọ́n tún gbé ìdíje kalẹ̀. Ìyá tó bá po omi náà bó ṣe yẹ lójú àwọn olùdánwò á gba ife oníke, orúkọ rẹ̀ á sì wọ inú ìbò tí wọ́n máa fi rédíò ta lọ́rẹ. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kò mọ̀, pé títẹ ìwé jáde kò tíì túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti gbà á.

Ní Nàìjíríà, ìgò ni wọ́n tún gbára lé. Omi ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́wàá. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Kí gbogbo ṣíbí náà ní ojú tó tẹ́. Nígbà náà, 60 cl ni ìgò bíà, 30 cl ni ti ẹlẹ́rìndòdò, nítorí náà ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Mo gbádùn "tàbí" tó wà láàárín wọn gan-an. Kò yọ ilé Àlùfáà àti ilé Alágbàdúrà tí ìgò bíà kò lè wọ̀ sílẹ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò wà nílé ẹni gbogbo láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, gbà pé ilé ìwòsàn kékeré àti ilé àwọn ìyá ni ìlera orílẹ̀-èdè ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tirẹ̀ ni ìtọ́ni yìí sì tàn ká. Ẹnì kan lè fi ẹ̀rín sọ pé òun àti Fẹlá àbúrò rẹ̀ jọ mọ ohun kan náà: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kó dúró sí etí ará Nàìjíríà.

Ṣíbí ni ibi tí iṣẹ́ wa kò ti tó ti Gambia. Ṣíbí tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣètò rẹ̀ ni èyí tó ń gba mílílítà 3. Ṣíbí tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìdáná lónìí ń gba nǹkan bí 5. Ẹni tó bá fi ìyẹn wọn iyọ̀ sínú omi 60 cl ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta kọjá ohun tó yẹ, kò sì ṣe nǹkan tí ìwé náà ní kó má ṣe. Ti "ojú tó tẹ́" wá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá Yorùbá tó ń bu nǹkan fún ọmọ kì í bù ú kó tẹ́jú. Ẹni tó ń ta gàrí lọ́jà gan-an, bí ó bá re orí kọ́ńgò rẹ̀ tán tí kò fi ẹ̀ẹ̀ní sí i, ahun ni a ó pè é. Bíbù tó gbé òkè ni ìfẹ́ lójú wa. Onímọ̀ tó jókòó sí ọ́fíìsì lè kọ "ojú tó tẹ́" kó sì rò pé òun ti ṣàlàyé, kò mọ̀ pé òun ń bá ìwà àti ìṣe odidi ìran kan jà.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Kì í po omi náà fún ìyá ọmọ. Á gbé ìgò àti ṣíbí fún un, á ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ó yá, ẹ pò ó kí n rí i." Bí ṣíbí bá wá gbé òkè, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kúrò, á ní, "Báyìí ni, mà. Ti iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù." Iyọ̀ àti ṣúgà, funfun ni àwọn méjèèjì, nínú ìkánjú ẹnì kan lè fi ọ̀kan pe èkejì. Ìdí nìyí tí ìtọ́wò omijé fi tọ́ síbẹ̀. Bí ṣíbí bá tóbi jù, bí omi bá kéré jù, bí iyọ̀ bá gba ipò ṣúgà, ahọ́n ìyá á sọ fún un kí ó tó dé ẹnu ọmọ. Ẹnjiníà tó kọ́ afárá máa ń fi irin kún irin tó yẹ kó gbé e ró, kí àfikún náà lè gbà á bí èyí àkọ́kọ́ bá já. Gbólóhùn omijé ń ṣe iṣẹ́ irin kejì nínú ìtọ́ni yìí.

Ìbéèrè kan wà tí ìtọ́ni àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ibi kò dáhùn, ó sì dá ọ̀pọ̀ wàhálà sílẹ̀. Ìyá po omi, ó fún ọmọ mu, ìgbẹ́ kò dúró. Ó tún fún un, ìgbẹ́ kò dúró. Ó parí èrò sí pé irọ́ ni, ó da omi nù, ó lọ ra oògùn tí ń ki ìgbẹ́. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un ni pé omi náà kì í dá ìgbẹ́ dúró. Omi tí ọmọ ti pàdánù ló ń dá padà fún un, ìgbẹ́ náà á sì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Dókítà mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wá sí i lọ́kàn láti kọ ọ́. Àwọn kan lára àwọn ìyá wa sì gbà pé eyín tó ń hù ló fa ìgbẹ́, pé kò yẹ kí èèyàn dá sí i rárá. Ìtọ́ni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni pé èrò rẹ̀ kò sí. Ó ní láti gbà á lẹ́nu rẹ̀ kó tó fún un ní tuntun: ìbáà jẹ́ eyín ló fà á, omi ń jáde lára ọmọ, omi sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Òwe tó dára ni, mo sì fẹ́ràn àwọn tó ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tá òǹkọ̀wé iṣẹ́ ìmọ̀ ni. Ó ń jẹ́ kí ọ̀gá rò pé bí òun bá ti sọ ìdajì, ẹni tó gbọ́n á parí rẹ̀. Ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń kà á tijú láti béèrè ìdajì tó kù, kí wọ́n má bàa sọ pé kò gbọ́n. Nínú ìtọ́ni, odidi la gbọ́dọ̀ sọ, ká sì sọ ọ́ láì bú ọgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ. Èyí le ju ìṣirò lọ.

Ìwà kan náà ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ tí à ń lò lójoojúmọ́. Bàbá àgbà kan fẹ́ fi fóònù fi owó ránṣẹ́, àmì kan yí po yí po lójú fóònù, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀, kí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá fẹ́ mọ̀: ṣé owó mi ti lọ àbí kò tíì lọ? Ẹni tó kọ ètò náà mọ̀, tàbí ó lè mọ̀. Ó kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ rẹ̀ ni, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó bàbá. Wákàtí mélòó kan tí ẹni tó kọ ètò yẹn ìbá fi ronú sórí gbólóhùn kan ni gbogbo wa ń fi ìdúró ní báńkì san.

Ìtọ́ni a tún máa gbó. Ìgò oníke ló gba ìgboro báyìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ 50 cl. Ìyá àgbà tó kọ́ ìtọ́ni ìgò méjì nígbà ayé Ransome-Kuti, tó ń fi kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ lónìí, ti sọ 60 cl di lítà kan láì mọ̀, omi náà á sì ṣàn jù. Kò sí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìtọ́ni. Ayé ló yí lábẹ́ rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì rẹ̀ náà yí. Ní 1975, WHO àti UNICEF fẹnu kò sórí èròjà kan ṣoṣo fún gbogbo àgbáyé, fún àgbà àti ọmọdé, fún onígbáméjì àti ìgbẹ́ lásán, torí pé ọ̀kan rọrùn láti tẹ̀ àti láti kọ́ni ju mẹ́rin lọ. Ní 2002 wọ́n dín sodium àti ṣúgà inú rẹ̀ kù: gíráàmù iyọ̀ 2.6 àti gíráàmù glúkósì 13.5 ló wà nínú èyí tí wọ́n ń pò sí lítà kan báyìí, pẹ̀lú èròjà méjì mìíràn. Èyí ni ORS inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, òun ló sì yẹ kí ìyá kọ́kọ́ wá. Ti ilé ìdáná wà fún ìgbà tí kò bá rí i.

Lítà kan. Ẹ̀yìn ọ̀rá náà ló kọ ọ́ sí, a sì tún padà síbi tí a ti ń béèrè pé ta ló ní lítà nílé. Bí wọ́n bá ní kí n dá sí i, píọ̀ wọ́tà ni n ó fi dáhùn. 50 cl ló yẹ kó wà nínú ọ̀kan, méjì a sì fún wa ní lítà. Omi rẹ̀ mọ́ ju ti kànga lọ lọ́pọ̀ ibi, ó ń tà ní gbogbo ìkóríta láti Badagry títí dé Ìlọrin, ọmọ kékeré tó lè ka ení, èjì kò sì lè ṣì í. Píọ̀ wọ́tà méjì, ORS ọ̀rá kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ti ìlú kọ̀ọ̀kan wò ṣá, nítorí àwọn kan wà tí ọ̀rá wọn kì í kún tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀.

Ní Zambia, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Simon àti Jane Berry tó dá ColaLife sílẹ̀ ronú pé bí ẹlẹ́rìndòdò bá ń dé gbogbo abúlé, ó yẹ kí oògùn lè bá a rìn. Wọ́n sì ṣe páálí oníke kan tó lè wọ àlàfo tó wà láàárín àwọn ìgò nínú kéréètì. Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́jà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò kéréètì náà. Bí èrè bá wà lórí ọjà, wọ́n á gbé e dé abúlé bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà yòókù. Ohun tó ṣẹ́ kù tó sì ṣiṣẹ́ ni páálí náà fúnra rẹ̀. Kit Yamoyo ni wọ́n pè é. ORS inú rẹ̀ kò ju ti mílílítà 200 lọ, páálí náà sì ni òṣùwọ̀n, òun ni ìkòkò ìpò, òun náà ni ife. Èèyàn á bu omi dé ibi tó yẹ, á da ORS sí i. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí Gambia fi rédíò sọ, tí Bangladesh fi ẹsẹ̀ rìn láti sọ, ti wọnú ara ike.

Síbẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ike kò lè sọ. Láti 2004, WHO àti UNICEF ti ní kí wọ́n máa fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní hóró oògùn zinc pẹ̀lú ORS, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ọmọdé á ti lọ kí ọjọ́ 10 tó pé. Ọmọ ti ń sáré kiri àgbàlá, ó ti ń já ẹ̀kọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oògùn sì ṣì kù lọ́wọ́ ìyá. Yóò dá a dúró, àwa náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tí kò fi yẹ kó dá a dúró ni pé zinc tó bá pé ọjọ́ rẹ̀ ń dín ewu kí ìgbẹ́ tún padà wá kù, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Iye ọjọ́ ni mo sábà máa ń rí lára páálí. Ìdí kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó bá tún un tẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá ti ń tẹ oògùn jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró karùn-ún, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa dúró: ọmọ ti yá, ẹ má dúró, èyí tó kù ni kò ní jẹ́ kó tún padà ṣe é láìpẹ́.